Odó Tó Jí Ẹ̀rọ Ìjọba Lójú Oorun

Lọ́dún kejì tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn alágbádá, kò sí ọkùnrin tó ga tó Isaiah ní gbogbo Ìdógun. Kì í ṣe gíga tí ojú ń rí o. Bí ẹ bá gbé Isaiah dúró ti odó, ẹ ó kọ́kọ́ bèèrè èwo ni odó nínú àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e ga. Ó gbé e ga débi pé ewúrẹ́ ń yà fún un lójú ọ̀nà, àkùkọ ń wo ojú rẹ̀ kó tó kọ, àwọn tó sì ti ń pè é ní Isaiah Kúkúrú láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá ń pè é ní Ọ̀gá Ìjọba, wọ́n tún ń ṣí fìlà fún un.

Iṣẹ́ náà kò sì ju kó máa ṣọ́ ẹ̀rọ kan tó ń sùn.

Ìbàdàn ni ìjọba ti gbé ẹ̀rọ yìí wá. Wọ́n kọ́ ahéré páànù kékeré kan fún un ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí ilé parí sí tí àpáta pẹlẹbẹ ńlá kan ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ahéré náà, ẹ̀rọ jókòó sórí tábìlì bíi bàbá ńlá rédíò. Bébà wà lára rẹ̀ tí wọ́n wé mọ́ irin roboto, bírò kan tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ ẹ̀fọn sì dúró lórí bébà náà, kò kọ, kò mì. Bátìrì ọkọ̀ ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Láti ìdí rẹ̀, wáyà kan gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí àárín àpáta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ihò, tí wọ́n gbé ohun kan tó dà bí agolo mílíìkì sínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi símẹ́ǹtì bò ó mọ́lẹ̀.

"Etí ẹ̀rọ nìyẹn," ni Ẹnjiníà Olúgbádé, ọ̀gá tó kó àwọn òṣìṣẹ́ wá láti Ìbàdàn, wí fún Isaiah lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́. "Ẹ̀rọ yìí ń sùn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í sùn. Bí ilẹ̀ bá mì, ì báà jẹ́ mímì tí ara ènìyàn ò lè mọ̀, á jí fúnra rẹ̀. Bébà á máa yí, bírò á máa ya bí ilẹ̀ ṣe ń mì, á sì kọ aago tó mì sí i. Bí ilẹ̀ bá ti dákẹ́, òun náà á padà sùn. Ẹnikẹ́ni ò ní láti fọwọ́ kàn án."

"Ọ̀gá, mo mọ irú oorun yẹn dáadáa," ni Isaiah wí. "Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń sùn ún."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. "Tìẹ ò lè tó tirẹ̀. Èyí máa ń rántí. Bó bá jí, ohun tó ṣẹlẹ̀ kété kó tó jí ló máa kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kó tó wá kọ èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ tẹ̀ lé e."

Isaiah la ẹnu sílẹ̀. "Ó ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú oorun? Bàbá mi ò rántí èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú ara rẹ̀!"

"Iṣẹ́ tìrẹ ni pé kí ẹnikẹ́ni má gun orí àpáta yẹn. Ènìyàn o, ẹran o."

Wọ́n fún un ní ṣòkòtò kakí kan, èyí tó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè títí ó fi ku díẹ̀ kó di agbádá, àti fèrè kan tó fi sọ́rùn. Lọ́jọ́ kejì gan-an, Isaiah fi fèrè lé gbogbo obìnrin tó ń sá èlùbọ́ sórí àpáta náà. Ẹni àkọ́kọ́ tó lé ni Oyèkẹ́, ìyá Fẹ́yìsetán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Fẹ́yìsetán. Ọ̀wọ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ó ti padà wálé, ó ń ránṣọ fún gbogbo ìlú, kò sì sí aṣọ tí kò lè gé mọ́ ènìyàn lára àfi ti Isaiah, nítorí pé ẹ̀rín kì í jẹ́ kó lè wọ̀n ọ́n. Ó pẹ́ tí Isaiah ti ń fẹ́ ẹ, òun náà sì fẹ́ Isaiah. Ìyá ni kò gbà. "Ọmọ mi ò ní fẹ́ ọkùnrin tí mo lè gbé sínú apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́jà Ọ̀wọ̀," ni Oyèkẹ́ máa ń wí, ó sì ń sọ ọ́ níbi tí ènìyàn bá pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Isaiah fọn fèrè sí i létí, tó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó èlùbọ́ yín kúrò lórí ilẹ̀ ìjọba," obìnrin yìí wo kakí, ó wo fèrè, ó wo ahéré páànù tó ń dán nínú oòrùn, ó sì kó èlùbọ́ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ó ránṣẹ́ pè é.

"Isaiah, jókòó. Mo ti gbà. Bí iṣu tuntun bá ti jáde, kí àwọn ẹbí rẹ wá fún ìdána. Ṣùgbọ́n fetí sí mi o. Iṣẹ́ ìjọba ni mo fọmọ fún. Ìwọ kàn bá a wá ni."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Èmi àti iṣẹ́ náà dúpẹ́."

Bó ṣe di pé gbogbo ayọ̀ Isaiah rọ̀ mọ́ ẹ̀rọ kan nìyẹn. Ẹ̀rọ náà sì ń sùn. Ó sùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sùn nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó sùn nígbà tí àrá sán tí gbogbo ajá Ìdógun wọ abẹ́ ibùsùn. Ilẹ̀ Ìdógun ò mì. Ilẹ̀ Ìdógun ò tilẹ̀ yí ìhà padà. Bírò tó dà bí ẹsẹ̀ ẹ̀fọn yìí dúró sójú kan títí aláǹtakùn fi ta òwú mọ́ ọn lára, ó bí ọmọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì dàgbà, wọ́n kó lọ sílé ara wọn.

Nígbà tí iṣu ku díẹ̀ kó jáde, Ẹnjiníà Olúgbádé wá wo ẹ̀rọ. Àbúdùlàhí, dírẹ́bà rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó lè fi ẹnu nìkan wa ọkọ̀ bí bẹntiróòlù bá tán, ló gbé e wá nínú Lándírófà. Ẹnjiníà wo bébà funfun báláú náà, ojú rẹ̀ fàro.

"Isaiah, wàhálà dé o. Àwọn ọ̀gá mi ní Ìbàdàn ti ń wí pé òkú ẹ̀rọ ni mo rà fún ìjọba. Bí n bá tún padà wá lẹ́yìn tí iṣu tuntun bá jáde, tí kò sì rí nǹkan kan kọ, a ó tú u, a ó gbé e lọ sí Arimogija."

"Arimogija kẹ̀?" Isaiah di orí mú. "Ọ̀gá, ilẹ̀ Arimogija ò lè mì láé! Ọ̀lẹ ni!"

"Ilẹ̀ tiyín ńkọ́?" ni Àbúdùlàhí bi í láti inú ọkọ̀. "Àbí ó lọ kàwé ni?"

Wọ́n lọ. Isaiah jókòó sẹ́nu ọ̀nà ahéré, ó ronú títí orí rẹ̀ fi gbóná tó ohun tí ènìyàn lè fi sun àgbàdo. Bí ẹ̀rọ bá lọ, iṣẹ́ ìjọba lọ nìyẹn. Bí iṣẹ́ ìjọba bá lọ, òun di ẹrù inú apẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó dìde. Bí ilẹ̀ ò bá lè mì fúnra rẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè nínú ahéré. Ó fò níwájú ẹ̀rọ, ó fò lẹ́yìn rẹ̀, ó gun orí àga, ó já lulẹ̀ gbì. Bírò ò mì. Ó lọ yí òkúta kan tó tó kẹ̀kẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ògiri ahéré, ó gbé e sókè, ó jù ú sílẹ̀, ó ku díẹ̀ kó jù ú lu ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ń sùn. Òógùn ti rẹ kakí rẹ̀ gbindin nígbà tí Fẹ́yìsetán gbé oúnjẹ rẹ̀ dé, tó bá a níbi tó ti ń fi ìdí gbá ilẹ̀.

"Bọ̀dá Isaiah! Ṣé ìjọba ló ní kẹ́ ẹ máa ṣe èyí?"

Isaiah jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Fẹ́yìsetán wo ẹ̀rọ, ó wo wáyà.

"Níbo lẹ ní etí rẹ̀ wà?"

"Lórí àpáta lọ́hùn-ún."

"Ẹ wá ń pariwo sí i lẹ́nu láti àárọ̀?"

Isaiah wo ọmọbìnrin náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Àwọn méjèèjì jọ lọ sórí àpáta, Isaiah gun orí símẹ́ǹtì náà, ó fò, ó fò, ó fò. Fẹ́yìsetán sáré wọ ahéré lọ wò ó.

"Ó ṣì ń sùn!" ló pariwo láti ibẹ̀. "Ẹ ò wúwo! Ẹ wá ẹni tó wúwo!"

Bó ti ń sọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ni ohùn kan gba òkè ilé wá láti àárín ìlú: gìdìm! gìdìm! gìdìm! Oyèkẹ́ ló ń gúnyán fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lóko. Ẹ ò mọ bí Oyèkẹ́ ṣe ń gúnyán. Bó bá gbé ọmọ odó sókè, ẹyẹ á yà fún un. Bó bá sọ ọ́ kalẹ̀, alángbá á di ògiri mú ní adúgbò kejì, àwo á bọ́ láti orí pẹpẹ ní ilé ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà kan, kátíkíìsì tó ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ọ, ó rò pé àrá ni, ó ṣe oore-ọ̀fẹ́ kíá, ó ní kí oníkálùkù máa lọ sílé kí òjò tó dé.

Isaiah wo Fẹ́yìsetán níbi tó dúró sí lẹ́nu ọ̀nà ahéré. Fẹ́yìsetán wo Isaiah.

"Ẹ má wulẹ̀ rò ó," ni Fẹ́yìsetán wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Isaiah ti rò ó tán. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gbé kakí wọ̀ dáadáa, ó ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń pariwo pé nítorí iṣu tuntun, ìjọba fẹ́ mọ obìnrin tó mọ iyán gún jù ní Ìdógun, orí àpáta sì ni ìdíje náà yóò ti wáyé. Irọ́ funfun ni. Irọ́ náà funfun ju iyán lọ.

"Àpáta tí o fi fèrè lé mi kúrò lórí rẹ̀?" ni Oyèkẹ́ bi í.

"Màmá, ìjọba ti yí ọkàn padà."

"Tinúọlá náà ń bọ̀?"

"Tinúọlá ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní òun ń bọ̀."

Irọ́ nìyẹn náà, ṣùgbọ́n ó sọ ohun kan náà fún Tinúọlá nípa Oyèkẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn obìnrin méjì yìí ti ń bára wọn jà lórí ta ló mọ iyán gún. Láti ìgbà tí wọ́n ti di ìyàwó ilé ni. Tinúọlá ga, ó rí gbọọrọ bí ọmọ odó gan-an, ó sì máa ń wí pé ti Oyèkẹ́ kì í ṣe gígún, ìyà ni ó fi ń jẹ iṣu. Oyèkẹ́ ní iyán Tinúọlá ní kókó tó lè fọ́ eyín erin.

Lọ́jọ́ ìdíje, gbogbo Ìdógun gun orí àpáta tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má gùn. Odó pọ̀ bí ẹni pé igbó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ hù síbẹ̀. Isaiah fọgbọ́n tò wọ́n yí símẹ́ǹtì ká. Oyèkẹ́ gbé odó tirẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ símẹ́ǹtì gan-an, nítorí ó ní ibẹ̀ ló tẹ́jú jù. Iṣu jinná, ó ń rú èéfín nínú odó.

"Bí mo bá ti fọn fèrè," ni Isaiah kígbe, "kí gbogbo yín bẹ̀rẹ̀! Ẹni tó bá ṣáájú fèrè ti jáde nínú ìdíje!"

Ó ki fèrè bọ ẹnu, ó fa èémí sínú, ó di ojú. Kó tó fọn ọ́n, gìdìm! Gìdìm! Gìdìm! Ohùn kan ṣoṣo ni. Ojú Isaiah là. Ó rí ẹni tí ọmọ odó rẹ̀ ń lọ sókè. Ó yára fọn fèrè, fíìì!, gbogbo àwọn yòókù sì da ọmọ odó wọn bo iṣu.

Ariwo tó sọ lórí àpáta lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ ọ́ tán. Ẹran ìgbẹ́ sá dé Emure-Ile. Òkúta ń jó. Àgbẹ̀ kan tó wà lórí igi ọ̀pẹ ní oko bọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó tún gùn ún, ó tún bọ́. Isaiah fi ìdíje sílẹ̀, ó sáré wọ ahéré. Ẹ̀rọ ti jí! Bébà ń yí, bírò tó dà bí ẹsẹ̀ ẹ̀fọn náà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ó ń ya ìlà síwá, ó ń yà á sẹ́yìn. Isaiah kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi," ló wí fún ẹ̀rọ. Ọ̀sán sì ni.

Nígbà tó padà sórí àpáta, ìjà ló bá. Tinúọlá ń fi ọmọ odó nàka sí Oyèkẹ́.

"Ó ṣáájú fèrè! Gbogbo ayé gbọ́ ọ! Ó ti jáde!"

"Irọ́ ló ń pa! Ẹnikẹ́ni tó bá lè fi hàn mí pé mo ṣáájú fèrè, kí n má fọwọ́ kan ọmọ odó mọ́ láyé mi!" Oyèkẹ́ yí sí Isaiah, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìwọ lo ní fèrè. Ṣé mo ṣáájú? Sọ ọ́ síta! Kí n mọ̀ bóyá àwọn ẹbí rẹ ṣì ń bọ̀ wá ṣèdána, àbí wọn ò wá mọ́."

Isaiah fi fèrè pamọ́ sẹ́yìn. "Màmá, nígbà tí ènìyàn bá ń fọn fèrè, ojú rẹ̀ máa ń dì ni. Mi ò rí nǹkan kan."

"Àna rere," ni Tinúọlá wí, ó tutọ́ sílẹ̀. "Ó ti fi ojú rẹ̀ ṣe ìdána."

Báyìí ni ìdíje ṣe tú ká láìsí ẹni tó borí, gbogbo ìlú sì jẹ iyán títí ikùn wọn fi le bí odó. Isaiah ò dúró jẹ. Ó ti wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀, ó fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ sí Ìbàdàn pé: ILẸ̀ TI MÌ. Ẹ MÁA BỌ̀.

Ẹnjiníà Olúgbádé dé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó bọ́ sílẹ̀ kí Lándírófà tó dúró, ó wọ ahéré, ó fa bébà jáde, ó kígbe. "Isaiah! Ìmìtìtì ilẹ̀! Ìmìtìtì ilẹ̀ gidi!" Ó di Isaiah mọ́ra, ó gbé e kúrò nílẹ̀, ó gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀.

Ìròyìn ta. Gbogbo ìlú wá. Àwọn tó gúnyán lórí àpáta fúnra wọn wá ń jẹ́rìí pé ilẹ̀ mì lóòótọ́. Ọkùnrin kan ní ó gbé òun láti orí ibùsùn lọ sí orí ibùsùn ẹlòmíràn, pé òun ò ní sọ ti ẹni tó jẹ́.

Ṣùgbọ́n Ẹnjiníà jókòó sórí òkúta, ó fi ìka tọ ìlà orí bébà náà. Ó tọ̀ ọ́ lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀.

"Ó yà mí lẹ́nu," ló wí. "Ilẹ̀ yìí mì, ó wá dúró. Ó tún mì, ó tún dúró. Bí ẹni tó ń sinmi."

"Ilẹ̀ tiwa máa ń rẹ̀ ẹ́, ọ̀gá," ni Isaiah wí.

Àbúdùlàhí ló ké láti orí àpáta. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá símẹ́ǹtì, ó ń fi èékánná họ nǹkan funfun kan tó ti gbẹ mọ́ ọn. Ó fi sẹ́nu.

"Ọ̀gá! Ilẹ̀ ibí yìí làágùn! Òógùn rẹ̀ sì ń fẹ́ ọbẹ̀!"

Ẹnjiníà dìde díẹ̀díẹ̀. Ó wo iyán gbígbẹ náà, ó wo bébà, ó wo Isaiah. "Ilé ìyá mi ni mo ti dàgbà, ní Emure-Ile," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. "Ibí yìí, wọ́n ń fọ́ iṣu. Ibí yìí, wọ́n ń gún un gan-an. Ibí tó dákẹ́ yìí, wọ́n dúró láti yọ kókó. Isaiah, ilẹ̀ wo ló ń dúró yọ kókó?"

Isaiah wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dùn mọ́ ọn pé òun ò jìnnà sí ilẹ̀.

"Àbúdùlàhí, lọ gbé àpótí irinṣẹ́ wá. À ń tú ẹ̀rọ. Arimogija ni à ń lọ."

Fẹ́yìsetán di etí aṣọ rẹ̀ mú. Oyèkẹ́ wo kakí Isaiah láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá apẹ̀rẹ̀ tó máa gbà á.

Ẹnjiníà ò tíì ká bébà náà kúrò lọ́wọ́. Ó tún gbé e sójú. "Síbẹ̀ náà, ohun kan wà níbí tí kò yé mi. Ẹ wò ó. Èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀ yìí ni ẹ̀rọ rántí, kó tó jí. Odó kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀! Òun ló jí ẹ̀rọ. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti jí tán làwọn odó yòókù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. A ṣe ẹ̀rọ yìí kó má jí fún lọ́rì tó ń kọjá lójú títì, odó kan sì jí i! Ta ni ẹni tó ṣáájú?"

Tinúọlá na ọrùn bí àkùkọ. "Ẹni tó ṣáájú? Ó wà nínú bébà?"

"Ó wà níbí gbangba."

Gbogbo ojú yí sí Oyèkẹ́. Oyèkẹ́ ń wo sánmà bí ẹni tó ń retí òjò. Isaiah rí i pé bí ẹ̀rọ ò bá pa òun, àna òun á pa òun. Ó fò sáàárín.

"Ọ̀gá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́?"

"Ewúrẹ́ ńlá ni, ọ̀gá. Ó kọjá lórí símẹ́ǹtì."

Ojú Oyèkẹ́ kúrò ní sánmà. Ìgbà yẹn ni Tinúọlá, tí orí rẹ̀ máa ń yára ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ti wojú Ẹnjiníà tó sì rí i pé kì í ṣe ìbínú ló wà níbẹ̀, ìyanu ni. Ó tún ìró ró, ó bọ́ síwájú.

"Ọ̀gá, mi ò fẹ́ purọ́ fún ìjọba. Èmi ni mo ṣáájú. Odó mi ló jí ẹ̀rọ yín."

"Irọ́!" Ohùn Oyèkẹ́ tóbi tó ohun tó lè jí ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kejì. "Irọ́ burúkú! Odó ẹlẹ́kókó yẹn? Èmi ni mo ṣáájú! Èmi! Gìdìm mẹ́ta ni mo gún kí fèrè tó dún!"

"Ìdógun, ẹ gbọ́!" Tinúọlá ká ọwọ́ sókè, ó ń jó. "Ẹ bá mi gbọ́ ọ! Ó ti jẹ́wọ́! Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá fi hàn òun, òun ò ní fọwọ́ kan ọmọ odó mọ́!"

"Ẹnikẹ́ni ni mo wí," ni Oyèkẹ́ dáhùn, kò tilẹ̀ gbọ̀n. "Ẹ̀rọ ló fi hàn. Ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé odó mi wá!"

Wọ́n gbé odó wá, wọ́n gbé iṣu wá láti ilé tó súnmọ́ jù. Ẹnjiníà ń pariwo pé kí wọ́n dúró, ó kàn ń pariwo lásán ni. Oyèkẹ́ so gèlè mọ́ ìdí, ó gbé ọmọ odó. Gìdìm! Gìdìm! Gìdìm!

"Ó ti jí!" ni Àbúdùlàhí ké láti inú ahéré. "Ó ti ń kọ̀wé!"

Nígbà tí ẹ̀rọ ti padà sùn, Tinúọlá náà gún tirẹ̀. Ó gún títí ìró rẹ̀ fi tú, ó gún títí iṣu fi di omi. Àbúdùlàhí yọ orí sí ojú fèrèsé ahéré, ó mi orí.

"Ó ti rẹ ẹ̀rọ yẹn ni!" ni Tinúọlá wí, ó ju ọmọ odó sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó jẹun ná!"

Ẹnjiníà Olúgbádé ti ń rẹ́rìn-ín tó fi jókòó sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awòjú, ó nu ojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Àwọn ará Ìbàdàn ní òkú ẹ̀rọ ni mo rà. Òkú ẹ̀rọ tó ń gbọ́ kókó iyán! Ẹ̀rọ yìí yè, ó yè ju èmi lọ. Ilẹ̀ yín ló dákẹ́. Ilẹ̀ tó dákẹ́ náà, ó yẹ kí a máa gbọ́ ọ. Kò lọ sí Arimogija mọ́." Ó nàka sí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. "Orí òkè yẹn la ó gbé e lọ, níbi tí odó kankan ò ní dé. Ìwọ Isaiah, ìwọ ni wàá máa gbé bátìrì rẹ̀ gòkè, ìwọ ni wàá máa gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bó bá fi tún gbọ́ iyán, ẹ̀wọ̀n ni."

Isaiah dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àpáta. Nígbà tó máa dìde, ẹsẹ̀ tó rí níwájú rẹ̀ kì í ṣe ti Ẹnjiníà. Ti Oyèkẹ́ ni.

"O pè mí ní ewúrẹ́. Níwájú ìjọba."

"Màmá, mo fẹ́ fi bo yín láṣìírí ni..."

"O tún wí pé ńlá." Oyèkẹ́ gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Fẹ́yìsetán! Ṣé ohun tí o fẹ́ fẹ́ nìyí?"

"Màmá, òun ló mú kí ìjọba mọ̀ yín," ni Fẹ́yìsetán wí. "Ọkọ ta ló ṣe irú ẹ̀ fún ìyá ìyàwó rí?"

Oyèkẹ́ ro èyí. Ó gba bébà tí ẹ̀rọ kọ gígún tirẹ̀ nìkan sí lọ́wọ́ Ẹnjiníà, kò sì tọrọ rẹ̀, ó kàn gbà á ni. Ó ká a, ó ki í bọ àyà. Ọjọ́ kejì ló ti wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà.

"Ó dáa. Mo ti fún ọ lọ́mọ. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ wà nínú ohun ìdána, wàá sì mú èyí tó tó bí o ṣe wí wá. Ewúrẹ́ tó bá gun orí etí ẹ̀rọ tí ẹ̀rọ ò jí, má ṣe mú un dé ojúde mi."

Ẹ wo ìyà! Láti ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ dé orí òkè, Isaiah ò sinmi. Bó bá gbé bátìrì gòkè lónìí, ewúrẹ́ ló ń fà gòkè lọ́la. Ó fa ti Ìdógun, ó fa ti Emure-Ile, ó gbé ìtìjú tà, ó fa ti Arimogija. Ó tò wọ́n sórí símẹ́ǹtì tuntun, wọ́n rìn lọ, wọ́n rìn bọ̀, ọ̀kan tilẹ̀ jó. Ẹ̀rọ ń sùn. Kò sí ewúrẹ́ tí kò mọ Isaiah mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Bí wọ́n bá rí i lókèèrè, wọ́n á wọ inú ilé lọ fara pamọ́.

Nígbà tó yá, ó rí òbúkọ kan ní ọjà Ọ̀wọ̀ tó tóbi débi pé ẹni tó ń tà á ló wà lórí okùn, kì í ṣe òbúkọ. Oyèkẹ́ ní òun fúnra òun á gòkè lọ wò ó. Ó gun òkè náà, ó ń mí, ó ń sọ̀rọ̀ burúkú sí òkè. Fẹ́yìsetán wà nínú ahéré, ó ń ṣọ́ bírò. Isaiah ti òbúkọ sórí símẹ́ǹtì. Òbúkọ dúró, ó jẹ koríko.

"Ṣé ó ti jí?" ni Oyèkẹ́ bèèrè.

"Kò tíì jí," ni Fẹ́yìsetán dáhùn.

"Rìn, ẹran yìí!"

Òbúkọ wò ó, ó yí ìdí sí i.

"Mo ní kí o rìn!" Oyèkẹ́ bínú, ó bọ́ sórí símẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó sì fi gbá ilẹ̀. Gìdìm!

Inú ahéré dún kẹrẹkẹrẹ. Bébà ti ń yí.

"Ó ti jí!" ni Fẹ́yìsetán pariwo.

Isaiah wo Oyèkẹ́. Oyèkẹ́ wo Isaiah. Òbúkọ ń jẹ koríko tirẹ̀.

"Ẹran yìí mà wúwo o, Màmá," ni Isaiah wí.

Oyèkẹ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí símẹ́ǹtì jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò gbé e síbẹ̀ rí. Ó tún gèlè wé. "Mo rí i," ló wí. "Kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀."

Nígbà tí Ẹnjiníà Olúgbádé tún wá wo ẹ̀rọ, ìlà kan ṣoṣo ló bá lórí bébà, ìlà ńlá kan tó dìde gànràn tó sì padà sùn. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Kò ní kókó," ló wí. "Kí lèyí, Isaiah?"

"Ìdána ni, ọ̀gá."